Ọkọ̀ èrò ń dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ta ni yóò la ọ̀nà ẹsẹ̀ dé Erédò Sùngbọ́?

Bí ọjọ́ Ojúde Ọba bá pé, tí í ṣe ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn gáréèjì Èkó kì í sinmi. Láti Ọjọ́ta, láti Bẹ́gà, àti láti apá Ajá gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn tó ń pe èrò máa ń pè. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn regbéregbé yóò ti jáde nínú aṣọ olówó iyebíye, àwọn ọmọ ìdílé balógun yóò ti gun ẹṣin, ìbọn yóò máa dún, tọmọdé tàgbà yóò sì máa ya fọ́tò. Ọdún náà lókìkí gan-an láyé Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó wàjà ní oṣù keje, ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí oyè. Ní ọdún 2024, àwòrán àwọn agẹṣin rẹ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan títí dé òkè òkun. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, oníkálukú á wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé, ọjọ́ á bùṣe.

Díẹ̀ ni nínú àwọn èrò wọ̀nyí tó mọ̀ pé ohun kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn gbà kọjá, tó ju gbogbo ẹṣin àti ìbọn náà lọ. Àwọn tó gba Ẹ̀pẹ́ ti kọjá ní Erédò, ìlú tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá fi yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn odi náà tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní àwọn ibi kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà, èyí tó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. Igi ńlá ti hù sí i lórí, ewé ti ṣíji bò ó, inú rẹ̀ sì máa ń tutù nígbà tí oòrùn bá ń jó ojú títì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú ìtàn Yorùbá kò nílò ìwé ìrìnnà tàbí ọkọ̀ òfuurufú. Owó ọkọ̀ èrò láti Èkó tó o.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún gbọ́ nìyẹn. Ibi tó ti korò ni pé bí èrò náà bá sọ̀ kalẹ̀, kò sí àmì kan tó ń tọ́ka ọ̀nà gígùn tí ẹsẹ̀ lè tọ̀ lẹ́bàá odi náà láti ìlú kan dé ìkejì. Bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ó ṣeé ṣe kí odi náà parẹ́ kí ọ̀nà tó ṣí.

Kí ni Erédò Sùngbọ́?

Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ẹ̀rí, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Bílíkísù Sùngbọ́, tí Ọlọ́run kò fún lọ́mọ, ló ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ òun má baà parun láyé. Ibi tí wọ́n gbà pé ibojì rẹ̀ wà ṣì wà ní Òkè-Ẹ̀rí títí di òní. Mùsùlùmí ń lọ síbẹ̀, Kristẹni ń lọ, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ náà ń lọ. Àwọn kan tilẹ̀ so ó mọ́ ọbabìnrin Ṣébà tí Bíbélì àti Kùránì sọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn awalẹ̀pìtàn kò rí ẹ̀rí tó gbe ìtàn yẹn lẹ́sẹ̀.

Ohun tí ọ̀mọ̀wé rí kò kéré sí ìtàn ẹnu. Peter Lloyd ti kọ̀wé nípa odi náà ní ọdún 1959. Ní àwọn ọdún 1990, Patrick Darling láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rìn ín, ó sì wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìròyìn BBC gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ìṣirò rẹ̀ ni pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó mítà kúbíìkì mílíọ̀nù 3.5, èyí tó ju ohun tí wọ́n fi kọ́ píráḿídì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn tó tún wa ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí fi àkókò tí wọ́n mọ odi náà sí àárín ọdún 1370 sí 1420. Kò sí katakata nígbà náà. Ọkọ́, apẹ̀rẹ̀ àti agbára apá ni wọ́n fi ṣe é.

Nítorí náà, kì í ṣe kòtò lásán ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn èèyàn tó ní ìjọba, tó lè kó òṣìṣẹ́ jọ, tó sì mọ ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí ni.

Ọkọ̀ wà, ọ̀nà ni kò sí

Ohun tó mú Erédò yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ tí ìjọba ń polówó ni pé ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú nípa ìgbafẹ́. Láti Èkó dé Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò bá pọ̀, ẹni tó jí jáde nílé ní ìdájí lè wà ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ó tó di ọ̀sán. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ àti ọ̀kadà tó ń lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, Orù, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó kì í wọ́n.

Ìdí tí wọn kò fi wọ́n hàn kedere. Àgọ́-Ìwòyè ni yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 wà, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ Olóyè Ọlábísí Ònàbánjọ ní ọdún 2001. Ọmọ Èkó pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àwọn ló sì ń kún ọkọ̀ lọ, tí wọ́n ń kún un bọ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó tó múlé gbè é, pẹ̀lú àdúgbò márùn-ún rẹ̀, Òkè-Ṣópẹ́n, Òkè-Àgbò, Òjòwò, Àtìkòrí àti Jàpárà, jẹ́ ìlú oníṣòwò pákó láti ọjọ́ pípẹ́. Orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ ohun tí ìlú náà jẹ́, Ìjẹ̀bú tó wà nínú igbó.

Bí èèyàn bá tún tẹ̀síwájú lójú títì márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin, yóò kan ẹnubodè igbó ọba Ọmọ, níbi tí wọ́n ń pè ní J4. Odò Ọmọ, tí igbó náà ń jẹ́ orúkọ mọ́, ń ṣàn lọ sí gúúsù títí tó fi wọ inú ọ̀sà Lẹ́kì. Etí ọ̀sà náà ni ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside bẹ̀rẹ̀ sí, pẹ̀lú Àbígi tó jẹ́ olú ìlú rẹ̀, Ìbíadé àti Ìwòpin. Títì dé ibẹ̀, ọkọ̀ ojú omi náà sì ti ń ná etí ọ̀sà yìí láti ayé àwọn baba ńlá. Odi, igbó, odò àti ọ̀sà, gbogbo rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú tí mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù èèyàn ń gbé láìrí ibi tí wọ́n ti lè mí.

Pé àwọn ará Èkó ń wá irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àbá lásán. Ọgbà Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, kò ju sáàrè ilẹ̀ 78 lọ, ìyẹn ní ìwọ̀n hẹ́kítà. Síbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí afárá orí igi rẹ̀ tó gùn ní 401 mítà ní ọdún 2015, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé láti rìn lórí rẹ̀. Láti ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gun Òkè Olúmọ lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé Abẹ́òkúta láàárọ̀, kó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ náà kò ṣeé fojú fò. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Epo bẹtiróòlù tí kò tó N200 lítà kan kó tó di ìgbà náà kọjá N1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Òṣìṣẹ́ tó máa ń kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì tàbí Ìdànrè tẹ́lẹ̀ ti ń ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó sún mọ́lé ni yóò wá. Bí ibi tó sún mọ́lé kò bá ní ọ̀nà, ilé ni yóò jókòó sí.

Ewúrẹ́ àjọní

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ewúrẹ́ àjọní, ebi ní í pa á kú. Bí ọ̀rọ̀ Erédò ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọdún 1995 ni ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú Iya, odi àwọn ará Benin, ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí ó wà lára àwọn ibi tó ń retí láti di ogún àjùmọ̀ní àgbáyé. Lẹ́yìn ìgbà náà, àjọ náà gba Sukur ní ọdún 1999, ó sì gba igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní ọdún 2005. Erédò ṣì wà lórí ìlà àwọn tó ń retí, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ta ni èèyàn yóò bi léèrè? Ìjọba àpapọ̀ ló ni àjọ tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Odi náà wà ní ìpínlẹ̀ méjì, Ògùn àti Èkó, ó sì gba inú ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ṣùgbọ́n lójú àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àwọn ìdílé ló ni ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ló sì ń fi yàrà náà ṣe ọ̀nà oko. Bí gbogbo wọn bá ni ín, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Ohun tí kò bá sì ní olùṣọ́ máa ń ní olùrà. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú ti di ọjà láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń dìde ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì, tí ilé ìfọpo Dangote tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024 wà lára wọn. Títì ti gé odi náà láwọn ibi kan, oko ti bo àwọn ibi mìíràn, ilé sì ń sún mọ́ ọn. Bí ọmọ onílẹ̀ kan bá dúró lórí odi Erédò, ohun méjì ló wà níwájú rẹ̀. Èkíní ni ẹni tó fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì tàbí tó fẹ́ wa erùpẹ̀ pupa, tó sì mú owó dání. Èkejì ni ìtàn, tí kò mú ohunkóhun dání. Kì í ṣe ìwà ibi ló ń mú ọmọ onílẹ̀ tà. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀kọ́ igbó Ọmọ

Ẹni tó bá rò pé àṣẹ ìjọba nìkan tó láti dáàbò bo nǹkan, kí ó wo igbó Ọmọ. Láti ọdún 1925 ni ìjọba òyìnbó ti sọ ọ́ di igbó ọba, ní ọdún 1977, UNESCO sì fi í sí ara àwọn igbó tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Ìwọ̀n rẹ̀ ju 130,000 hẹ́kítà lọ. Erin ṣì wà nínú rẹ̀, nítòsí ìlú Èkó, ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó kò ní gbà gbọ́ bí wọ́n bá sọ fún wọn. Síbẹ̀, ayùn àwọn agégi àti oko kòkó kò jẹ́ kí igbó náà sinmi, ibi tí àwọn ẹranko ń sá sí sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Apá kan igbó yẹn ní ìtàn tó yẹ kó jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Ní J4, ìjọba gé igbó àdáyébá, ó sì fi igi mẹlaína rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi ṣe ohun èlò fún ilé iṣẹ́ tákàdá tí wọ́n ń kọ́ sí Ìwòpin ní Ògùn Waterside. Owó ńlá wọlé, igi hù, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tákàdá náà kò ṣiṣẹ́ dé ibi tí wọ́n ní lọ́kàn. Àbá ńlá tí wọ́n gbé ka orí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, láìwo ohun tí àwọn ará àdúgbò yóò máa jẹ lójoojúmọ́, ni ó parí báyẹn. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ dé, tó jẹ́ pé òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kọ́, ibi tí ti àkọ́kọ́ gbà ni yóò gbà.

Ohun tí àwọn ará Ìlú Ọba ṣe

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní odi àtijọ́. Odi Hadrian, tí àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní ọdún 122, gba àríwá ilẹ̀ náà kọjá láti etí òkun kan sí èkejì. Ní ọdún 2003, ìjọba ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó gùn ní 135 kìlómítà. Erédò gùn jù ú lọ. Bọ́ọ̀sì èrò tó ń ná ibẹ̀ ń jẹ́ AD122, wọ́n fi nọ́mbà rẹ̀ rántí ọdún tí iṣẹ́ odi náà bẹ̀rẹ̀. Arìnrìn-àjò lè sọ̀ níbi kan, kó rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kó sì tún wọ bọ́ọ̀sì kan náà padà. Àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà náà ń ta oúnjẹ, wọ́n sì ń gba àlejò sùn.

Kò sì ṣẹ̀dédé rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Manchester, gun òkè Kinder Scout láìgba àṣẹ àwọn ọlọ́lá tó ni ilẹ̀ náà. Wọ́n ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1949, ìjọba ṣe òfin tó fún àwọn ará ìlú láyè láti rìn ní ìgbèríko. Tálákà ìlú ńlá ló kọ́kọ́ bèèrè fún ọ̀nà yẹn, kì í ṣe olówó. Òye yẹn ni ó yẹ kí Ìpínlẹ̀ Ògùn mú níbẹ̀.

Nítorí pé owó èrò ọkọ̀ yàtọ̀ sí owó ọlọ́kọ̀. Ẹni tó wa ọkọ̀ ara rẹ̀ wá yóò gbé oúnjẹ àti omi rẹ̀ láti Èkó, yóò ya fọ́tò, yóò sì padà. Ẹni tó wọ ọkọ̀ èrò wá yóò fún ọlọ́kadà lówó, yóò jẹ ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́ olóúnjẹ, yóò ra omi, yóò sì san owó fún ọmọ àdúgbò tó mú un wọ yàrà. Kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ odi ni yóò bọ́ sí. Ìgbà yẹn nìkan ni ìtàn yóò mú owó dání, tí yóò sì lè bá olùra ilẹ̀ figagbága.

Ààbò àti àṣà

Àwọn kan yóò sọ pé ta ni yóò lọ rìn nínú igbó nígbà tí ìròyìn ajínigbé kò tán lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ ọlọ́mọ dán ọ̀rọ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìrìn bẹ̀rẹ̀ láti inú agbami igbó Ọmọ. Etí ìlú ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ Òkè-Ẹ̀rí àti ní Erédò, níbi tí èèyàn ń gbé, tí ọ̀kadà ń kọjá, kí àwọn ọdẹ ìbílẹ̀ àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn sì mọ ọjọ́ tí àwọn èrò ń bọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ sí, ìpàǹpá kì í pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tó dá páropáro ni olè ń fẹ́.

Ti àṣà náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ ní èèwọ̀ wọn, wọ́n sì gbà pé kì í ṣe gbogbo ibi ni obìnrin lè dé níbẹ̀. Ẹni tó bá ń la ọ̀nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá wọn jókòó, kí wọ́n sọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé àti ibi tí kò lè dé. Ibojì yàtọ̀ sí odi. Odi gùn tó láti gba tọkùnrin tobìnrin láìba ojúbọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ ti máa ń sọ pé àwọn kò lówó lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ gómìnà ni gbogbo rẹ̀ ń há sí. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Àwáwí yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò sì béèrè fún bílíọ̀nù. Kìlómítà márùn-ún péré ló tó fi bẹ̀rẹ̀: kí wọ́n ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ odi láìgé igi ńlá, kí wọ́n fi afárá pákó sí ibi tí omi bá wà, kí wọ́n gbé àmì sí etí títì níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò, kí wọ́n sì kọ iye owó ọkọ̀ àti ti afinimọ̀nà síbẹ̀ gbangba kí wọ́n má baà rẹ́ àlejò jẹ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè lè ya àwòrán ojú ọ̀nà náà, àwọn ọmọ onílẹ̀ lè jẹ́ afinimọ̀nà, ẹgbẹ́ awakọ̀ lè mọ ibi tí wọn yóò ti máa já èrò. Bí kìlómítà márùn-ún bá mú owó wọlé fún Òkè-Ẹ̀rí, kò sí ìlú ẹ̀gbẹ́ odi tí yóò ní kí wọ́n má la tirẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ lè wá kan igbó Ọmọ àti etí ọ̀sà Ògùn Waterside, nígbà tí àwọn èèyàn ti mọ iṣẹ́ náà, tí ààbò sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn tó gbẹ́ Erédò gbẹ́ ẹ kí àjèjì má baà wọlé láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún, àlejò tó bá gba àṣẹ wọlé ló kù tó lè gbà á là. Ọdún Iléyá mìíràn ń bọ̀, ọkọ̀ yóò tún kún láti Ọjọ́ta àti Bẹ́gà, wọn yóò sì tún gba ẹ̀gbẹ́ odi kọjá. Bí wọ́n bá rí àmì kan létí títì lọ́jọ́ náà, àwọn kan yóò sọ̀ kalẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, ó lè jẹ́ pé ohun tí ọmọ wọn yóò bá níbẹ̀ ni pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ti kọ nọ́mbà sí.